Níbi Tí Mo Ti Lè Rí Ọ Nínú Dígí

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ àti aya fẹ́ràn ara wọn, má wulẹ̀ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti di ọwọ́ ara wọn mú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn wa ilé onítáyà wọn, mọ́tò tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, wọ ààyè rẹ̀. Ọ̀kan á jókòó nídìí sítíárìn, èkejì á dúró lẹ́yìn, á máa juwọ́: máa bọ̀, máa bọ̀, rọra, dúró! Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ èébú tí o kò gbọ́ rí láyé rẹ. Àwa tí a máa ń wá yá oòrùn ní aṣálẹ̀ Arizona nígbà òtútù mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń kí ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ wọlé. A máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, a ó máa wo òkè bí ẹni pé òkè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lánàá, títí ẹ́ńjìnnì á fi kú.

Marlys Engebretson kò mọ òfin yìí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Verlin Stokes. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nídìí oúnjẹ sísè nílé ìwé kan ní Minnesota. Opal, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àgbà tí wọ́n jọ dáná níbẹ̀, ló ní kó wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun nínú ilé onítáyà tòun, kí egungun rẹ̀ lè gbà pé oòrùn ṣì wà. Marlys jókòó síta, ó ń mu kọfí, nígbà tí mọ́tò gígùn kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá yọ sí wọn. Ilé odidi ni mọ́tò náà, bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, ilé ìdáná láàárín, sítíárìn níwájú. Awakọ̀ rẹ̀ fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ wo ẹ̀yìn, ó tún gun orí ìjókòó rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ṣé kò sẹ́ni tó lè ran bàbá yìí lọ́wọ́ ni?" Marlys bi Opal.

"Jókòó jẹ́ẹ́ rẹ. A kì í dá sí i níbí."

"Ẹ wá fẹ́ kó máa gùn, kó máa sọ̀ títí orúnkún á fi yọ?"

Ó gbé kọfí kalẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn mọ́tò náà. Ọkùnrin tó wà níwájú yí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ wálẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun.

"Màdáámù, ṣé ẹ ti juwọ́ fún mọ́tò rí?"

"Àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo ń juwọ́ fún kí wọ́n lè tò sí ìlà. Mọ́tò yín ò lè ya aláìgbọràn jù wọ́n lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ dúró níbi tí mo ti lè rí yín nínú dígí. Tí mi ò bá ti rí yín, màá dúró."

Marlys juwọ́, mọ́tò náà wọlé láìfara kan ẹ̀gún kankan. Inú rẹ̀ dùn, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé òun fẹ́ máa rí i.

Láti ọjọ́ náà lọ, Verlin bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbi iná. Nírọ̀lẹ́, gbogbo wa máa ń dáná sáàárín, oníkálukú á sì gbé àga tirẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó ń fi àga lọ ẹlòmíì. Àga aṣọ tó ṣeé ká ni Verlin ń gbé wá, ọ̀kan péré ló sì ní, nítorí ìyàwó rẹ̀ ti já a sílẹ̀ lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun náà sì ti ta ilé, ó ra mọ́tò, ó ń rìn kiri. Wẹ́dà ni tẹ́lẹ̀, irin afárá ló ń jó pọ̀ ní Oklahoma. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí Marlys bá sọ̀rọ̀, á kọjú sí i pátápátá.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó yọ pẹ̀lú àga méjì. Ojú gbogbo wa lọ síbi àga kejì. Opal gbá Marlys ní ìgúnpá.

"O rí i bí?"

"Kí ni mo rí? Àga ni."

"Màlúù! Ọkùnrin tó ti ń gbé àga kan kiri láti ọjọ́ yìí wá lọ ra ìkejì, o ní àga ni. Níbo ló fẹ́ kó o sí nínú mọ́tò yẹn, ṣé ó láàyè ni? Àga tí kò bá wúlò, ó ti sọ ọ́ nù tipẹ́. Dìde, lọ jókòó."

Marlys ò dìde. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ń rò ó pé, èmi tí mo ti sìnkú ọkọ, èmi tí ọmọ mi ti bímọ, kí ni mò ń wá? Opal ló dìde, ó lọ bá Verlin.

"Ìwọ Verlin, ta lo gbé èyí wá fún?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, màmá."

"Mo mọ̀, àmọ́ òun ò mọ̀. Gbé e lọ síbẹ̀ fúnra rẹ, má fi mí ṣe alárinà tí kò jẹ nǹkan kan."

Verlin gbé àga náà kọjá iwájú gbogbo èèyàn, ó là á sẹ́gbẹ̀ẹ́ Marlys. "Tí ẹ ò bá jókòó," ó ní, "màá kàn gbé ẹsẹ̀ lé e ni." Marlys bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó fẹ́ lò pé, kò lọ, nítorí Verlin ti ní kó fẹ́ òun. Ó pe Britta, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lórí fóònù, ó rọra sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un. Britta kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

"Mọ́mì, níbo lẹ fẹ́ máa gbé?"

"Nínú ilé onítáyà rẹ̀ ni."

"Ìyẹn kì í ṣe ilé! Mọ́tò ni. Tẹ́ ẹ bá ṣàìsàn ńkọ́? Dókítà wo ló máa máa sá tẹ̀lé yín? Tí ọkùnrin yẹn bá yí padà lójú ọ̀nà, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa fẹsẹ̀ rìn wálé ni?"

"Britta, màmá ẹ kì í ṣọmọdé."

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé, Mọ́mì."

"Tí ilé bá ń tẹ̀lé onílé lọ sí àjò ńkọ́?"

Britta gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Marlys, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó bá Verlin sọ ọ́ ní tààrà: kí àwọn tó lọ síwájú pásítọ̀, òun fẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ jọ gbé inú ilé náà wò fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Marlys sì fẹ́ wo ilé yìí ká kó tó gba orúkọ Stokes.

Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìgbádùn lásán ni ìgbé ayé inú ilé onítáyà, kò tíì pẹ́ níbẹ̀ ni. Marlys kọ́ láti fi omi díẹ̀ fọ abọ́, kó sì fi omi abọ́ ṣan ibòmíràn. Ó kọ́ pé táńkì ìgbẹ́ máa ń kún lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, àti pé òórùn rẹ̀ kò mọ opó yàtọ̀ sí ìyàwó ilé. Tó bá ra ẹ̀wù kan, àfi kó fi ẹ̀wù kan tọrẹ. Lẹ́tà wọn ń lọ sí ìlú kan tí wọ́n sùn sí lẹ́ẹ̀kan péré kí ìjọba lè gbà pé wọ́n níbùgbé. Èyí tó burú jù ni pé kò sí ibi tí èèyàn ti lè bínú. Nílé tó fi sílẹ̀, bó bá bínú, á lọ sí yàrá, á pa ilẹ̀kùn dé. Níbí, tó bá bínú sí Verlin, ìgúnpá Verlin ṣì máa kàn án níbi tó ti ń bínú.

Síbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Láàárọ̀, Verlin á po kọfí, á gbé e wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì jọ wo odò tí kì í ṣe èyí tí wọ́n wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú. Verlin kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan sítíárìn.

"Jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò."

"Ó wúwo, olólùfẹ́. Ìwọ ṣáà jókòó, máa wo ìta."

Ọ̀rọ̀ dídùn ni, Marlys sì gbé e mì. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á lọ sùn lẹ́yìn nígbà tí Verlin ń wakọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló sùn lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba àárín Wyoming kọjá. Verlin yà sílé epo kan, kò fẹ́ jí i. Bó ṣe wọlé lọ sanwó ni Marlys jí fúnra rẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde lọ sílé ìtọ̀, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ẹ̀wù ìwọ̀sùn lọ́rùn, láìmú fóònù dání. Nígbà tó jáde, ibi tí mọ́tò wà ti ṣófo. Ó kọ́kọ́ rò pé Verlin yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ó yí ilé epo náà po. Lẹ́yìn náà ló rí i lọ́ọ̀ọ́kán lójú títì, ilé tó ń gbé, tó ń kéré sí i.

Ó sáré, ó pariwo. Atẹ́gùn Wyoming gbé ohùn rẹ̀ dà nù.

Ọmọbìnrin tó ń tajà nílé epo náà fún un ní aṣọ òtútù rẹ̀ àti ife tíì kan. Kò sí nọ́ńbà Verlin lórí Marlys. Ta ló tún ń há nọ́ńbà sórí láyé yìí? Nọ́ńbà kan tó mọ̀ ni ti Britta, nítorí ó ti ń pè é láti ìgbà tí Britta ti wà ní yunifásítì. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó mọ ohun tí ọmọ náà máa sọ.

Oòrùn ti yí nígbà tí Verlin padà dé. Ìgbà tó pe Marlys lójú ọ̀nà pé kó wá wo ẹṣin igbó, tí kò gbọ́ ohùn, ló tó mọ̀ pé kò sí nínú ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ bí aṣiwèrè, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Marlys, mo rò pé o wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo yẹ gbogbo nǹkan wò. Mo wo àtẹ̀gùn, mo wo gáàsì, mo wo táyà."

"O wo táyà."

"Mo ti pẹ́ tí mo ti ń dá wakọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó ṣí, kò séèyàn níbẹ̀ rí."

Ó kúnlẹ̀ sínú epo tó dà sílẹ̀. Marlys wò ó, ìfẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó máa sunkún.

"Verlin, ẹrù ni wọ́n ń gbàgbé. Èèyàn tó bá jókòó síwájú, wọn kì í gbàgbé ẹ̀. Ìwọ lo fi mí sẹ́yìn kó o tó fi mí sílẹ̀."

Ó kó aṣọ rẹ̀ díẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ Britta ní Minnesota.

Britta ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọlọ́gbọ́n ọmọ ni. Ó fún ìyá rẹ̀ ní yàrá tó ní ilẹ̀kùn. Marlys wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ní ààyè láti bínú bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò dùn mọ́. Yàrá náà tóbi jù. Láàárọ̀, á la ojú, á rí ògiri kan náà tó rí lánàá. Opal ń pè é lemọ́lemọ́ lórí fóònù.

"Ọkùnrin yẹn wá bá mi," Opal ní. "Ó sunkún sórí tábìlì mi. Mo ní kó má bá mi sunkún, kó lọ bá ẹni tó ṣẹ̀."

"Kó má wá."

"Ó ti wà lójú ọ̀nà."

Àdúgbò Britta kì í gba ilé onítáyà láyè ní ìgboro wọn. Verlin gbé tirẹ̀ sí ibùdókọ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lẹ́yìn ìlú, ó sì fẹsẹ̀ rìn wá. Britta ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Stokes. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé ìyá mi sílé epo?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Èmi kì í ṣe ọmọ yín."

"Òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé mo wà níta. Mi ò ní wọlé."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Marlys ò jáde. Ní ọjọ́ kejì, ó tún fẹsẹ̀ rìn wá. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ lé e lórí, Britta fúnra rẹ̀ ló gbé agboòrùn fún un, ó sì wọlé wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ o. Àmọ́ ẹ jáde lọ bá a kí àwọn ará àdúgbò tó pe ọlọ́pàá."

Marlys jáde, ó jókòó sí òkè àtẹ̀gùn, kò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá bẹ̀ ẹ́. Kó o padà, ká ṣègbéyàwó. Láti òní lọ, màá máa pe orúkọ rẹ kí n tó ṣí ọkọ̀."

"Mi ò fẹ́ kó o máa pe orúkọ mi bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. Mo fẹ́ sítíárìn."

Verlin yíjú padà. "Kí ni?"

"Ká pín in. Bó o bá wà á lónìí, èmi ni màá wà á lọ́la. Bó ò bá lè fún mi, má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ pásítọ̀."

Ojú Verlin yí padà. Marlys rí i bí ó ṣe ń bá ara rẹ̀ jà, nítorí ohun kan ṣoṣo tó kù ní ìkáwọ́ ọkùnrin yìí lẹ́yìn tí ayé ti gba ìyàwó àti ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ni sítíárìn yẹn. Marlys ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bó bá kọ̀, òun á dá gbé, òun ò sì ní kú. Verlin fi ọwọ́ sápò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e lé itan Marlys.

Ibùdókọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ló ti kọ́ ọ. Britta tẹ̀ lé wọn, ó ní òun fẹ́ jẹ́rìí sí jàǹbá. Verlin di ìjókòó mú ṣinṣin, ó ń gbàdúrà sókè. Marlys fi ẹ̀yìn mọ́tò gbá kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ṣọ́ọ̀bù náà kan, kẹ̀kẹ́ náà yí gbirigbiri lọ, Verlin pa ojú dé.

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi?" Marlys bi í.

"Kẹ̀kẹ́ yẹn ló jẹ̀bi," Verlin dáhùn láìlajú. Britta, tó dúró síta, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ mú ikùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín níwájú ọkùnrin náà.

Nígbà òtútù, wọ́n ṣègbéyàwó ní aṣálẹ̀, nídìí iná wa. Olúkúlùkù gbé ìkòkò oúnjẹ rẹ̀ wá, olúkúlùkù gbé àga rẹ̀. Britta wọ ọkọ̀ òfuurufú dé, ó sì gbé àga aṣọ tuntun kan dání láti Minnesota, ó fà á la gbogbo pápákọ̀ kọjá. Ó là á sẹ́gbẹ̀ẹ́ Verlin, ó jókòó. A kò wo òkè lọ́jọ́ náà. Ojú wọn la wò.

Ọdún gorí ọdún. Opal kú, ọmọ rẹ̀ ta ilé onítáyà rẹ̀. Fíríjì Verlin àti Marlys bàjẹ́ ní Utah, òrùlé wọn jò ní Oregon, orúnkún Marlys bẹ̀rẹ̀ sí í bá àtẹ̀gùn ṣọ̀tá. Wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ẹ̀, ahọ́n àti eyín ń jọ gbé ẹnu kékeré. Wọ́n sì ń pín sítíárìn, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ẹni tí kò bá wà á ló ń dúró lẹ́yìn, tí ó ń juwọ́.

Ojú Verlin ló kọ́kọ́ dá wọn dúró. Ó ní àárín ohun tí òun ń wò ti ń parẹ́, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń hàn. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè dá a padà, kò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́.

"Tí mo bá fẹ́ rí ojú rẹ báyìí," ó sọ fún Marlys, "àfi kí n wo etí rẹ."

"Etí mi dáa. Máa wò ó."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ká tà á, Marlys. Mo ti di ẹrù."

Ọ̀rọ̀ náà bá Marlys níbi tó dùn ún. Kí n má parọ́, ó ti rẹ òun náà. Ó ti ronú nípa ilé tó ní balùwẹ̀ gidi, dókítà tó mọ orúkọ rẹ̀, ilẹ̀kùn tí èèyàn lè pa dé. Britta sì ti ń pè pé òun ti kó lọ sí abúlé, ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun. Gbogbo ìrìn àjò ọjọ́ náà ni Marlys fi ń rò ó, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárìn, ọkùnrin rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fi imú gbóòrùn ojú ọ̀nà, tó ń sọ pé wọ́n ti dé ibi tí igi páìnì wà. Ó sì mọ ohun tóun fẹ́.

"A ò ní tà á," ó ní. "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ Britta. Nígbà òtútù, aṣálẹ̀. Èmi ni màá máa wà á títí apá mi á fi kọ̀. Tó bá kọ̀, ibi tó bá ti kọ̀ la máa gbé."

"Èmi ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ tèmi?"

"O máa dúró lẹ́yìn."

"Kí n dúró lẹ́yìn kí n máa rí kí ni?"

"Mi ò ní kó o rí nǹkan kan. Mo ní kó o dúró níbi tí mo ti lè rí ọ."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mọ́tò náà ti ní kámẹ́rà lẹ́yìn nígbà yẹn, tó ń fi gbogbo nǹkan hàn níwájú. Marlys kì í wò ó. Dígí ló ń wò, níbi tí ọkùnrin gíga kan, tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ti ń juwọ́ gan-an bí ẹni tó ń rí. Àwọn àlejò á máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé kì í ṣe pé bàbá yìí fọ́jú ni?" Àwa a máa wo òkè.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Britta, Britta ti da òkúta wẹ́wẹ́ sí ààyè wọn. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Marlys ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Verlin ń juwọ́: máa bọ̀, máa bọ̀. Lójijì, Marlys wo dígí, kò rí i. Ó wo dígí kejì, kò rí i. Ó tẹ bíréèkì pátápátá, abọ́ wó lulẹ̀ nílé ìdáná. Kò wo kámẹ́rà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣílẹ̀kùn.

"Verlin!"

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, lábẹ́ ibi tó wà gan-an, níbi tí dígí kankan kì í dé, ni Verlin dúró sí. Ó ti fọwọ́ tọ ara mọ́tò náà wá, láti ẹ̀yìn títí dé iwájú.

"Kí lò ń ṣe níbí? O fẹ́ pa mí ni? Kí ló dé tó o kúrò níbẹ̀?"

Verlin yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo etí rẹ̀.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o máa dúró ni."

Marlys fẹ́ bú u. Èébú náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ojúlówó èébú ibùdókọ̀. Ó wò ó, ọkùnrin tó fi í sílẹ̀ ní Wyoming nígbà kan, tó kúnlẹ̀ sínú epo. Ó nawọ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo dúró," ó ní. "Ó yá, padà sẹ́yìn, òmùgọ̀. A ò tíì wọlé."